Rédíò Ọkọ̀ Wa àti Ẹ̀tọ́ Ojú Ọ̀nà



Láti Ìkirè dé Àpòmù kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó tó kí orí máa fọ́ èrò bí awakọ̀ bá ṣí rédíò dé òpin. Ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ wa kan ni ó gbé wa lọ́jọ́ náà, wáàsí ni ó sì ń lò. Ìyá àgbà kan bẹ̀ ẹ́ pé, "Ọmọ mi, jọ̀wọ́, bá mi dín in kù, àyà mi ń já." Ó ní, "Ìyá, ṣé ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun kọ́ nìyí ni?" Ìyá kò fèsì. Ó sọ̀ kalẹ̀ kí ó tó dé ibi tí ó ń lọ. Ojú tì wá, nítorí orúkọ ẹgbẹ́ wa ni ó wà lára gíláàsì ọkọ̀ náà.

Ànábì wa Muhammad (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ àwọn sàhábà rẹ̀ pé ẹni tí yóò jókòó sí ojú ọ̀nà gbọ́dọ̀ fún ọ̀nà ní ẹ̀tọ́ rẹ̀, ó sì ka àìni ènìyàn lára mọ́ ọn. Bukhari àti Muslim gbà á wá. Abu Dawud náà gbà á wá pé, nígbà tí ó ń ṣe itikáfù, ó kọ̀ fún àwọn tí ń ké Àlùkùráànì láti gbé ohùn lé ara wọn lórí. Nínú mọ́sálásí nìyẹn o! Kí ni ká wá sọ nípa ti inú bọ́ọ̀sì?

A kò ní kí ẹnikẹ́ni má ra rédíò. Ẹ yàn án tọgbọ́ntọgbọ́n ni. "50W x 4" tí wọ́n ń kọ sára páálí kò yẹ kó tàn yín jẹ: agbára ìṣẹ́jú àáyá ni. Èyí tí ó lè gbé láìdúró kì í sábà ju 22 wáàtì lọ fún sípíkà kọ̀ọ̀kan. Equalizer ni kí ẹ béèrè. Àwọn kan ní ìlà 13, àwọn kan kò ní ju béèsì àti trẹ́bù lọ. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹnu ti ń yéni jù wà láàárín, láti nǹkan bí 1,000 dé 4,000 hertz. Ẹ gbé ibẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ dín béèsì kù, ohùn àlùfáà yóò já gaara láìpariwo. Ti time alignment, tí ó ń dá sípíkà tó súnmọ́ awakọ̀ dúró díẹ̀ kí ohùn méjèèjì lè jọ dé etí rẹ̀, ẹni tó ń dá wa ọkọ̀ rẹ̀ ni ó wúlò fún. Bí ọlọ́kọ̀ èrò bá tìtorí rẹ̀ jẹ gbèsè, àpà ni.

Etí pẹ̀lú wà lára ohun tí a ó bi wá léèrè (Súúrátul-Isráà, 17:36). Ìwọ̀n ohùn 85 decibel, wákàtí 8 ni àwọn onímọ̀ ìlera iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà fi mọ lójúmọ́. Bí ó bá di 100, ìṣẹ́jú 15 péré. Awakọ̀ sì ń gbọ́ tirẹ̀ láti òwúrọ̀ dé alẹ́!

Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi wáàsí sí i, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ dín ohùn kù títí ẹni tó wà lẹ́yìn yóò fi lè bá yín sọ̀rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ wò ó bóyá wáàsí ṣì ń yé yín.

Arákùnrin wa yẹn ti gbà kí á bá a tún tirẹ̀ tò. Equalizer ti wà nínú rédíò rẹ̀ látilẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án rí. Ìyá yẹn ni a kò tíì rí kí ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀.