Asà Tí A Bí Mọ́ Wa

Ìbéèrè kan wà tí ó yẹ kí a gbé yẹ̀wò: ẹni tí ó ti fi ohun rere kan ṣòfò, ǹjẹ́ ó tọ́ kí a fi èyí tí ó ṣọ̀wọ́n jù ú lọ lé e lọ́wọ́?

Ohun rere náà ni oògùn tí ń pa kòkòrò àrùn. Li ọdún 1945, Alexander Fleming, ẹni tí ó rí pẹnisílìnì, kìlọ̀ pé ẹni tí ó bá lò ó níwọ̀n tí kò tó ń kọ́ kòkòrò àrùn bí yóò ti fara dà á. A kò fetí sí i. A ń ra hóró méjì fún ọ̀fìnkìn, èyí tí oògùn náà kò lè wò. Bí ara bá sì rọ̀ wá díẹ̀, a ó pa ìyókù mọ́. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ kòkòrò kò fi bẹ̀rù oògùn mọ́.

Li ọdún 1987, Michael Zasloff, oníṣègùn kan li Amẹ́ríkà, mú ìrètí titun wá. Ó ti ṣàkíyèsí pé àwọn àkèré tí òun ṣe iṣẹ́ abẹ fún, tí òun sì dá padà sínú omi ẹlẹ́gbin, ń san láìjẹ́ pé egbò wọn kẹ̀. Ó rí i pé awọ wọn ní èròjà kéékèèké tí ń dá ara kòkòrò àrùn lu. Ó sọ ọ́ ní magainin, láti inú ọ̀rọ̀ Hébérù tí ó túmọ̀ sí asà. A tún èròjà náà ṣe di oògùn egbò ẹsẹ̀, tí a ń pè ní pexiganan, fún àwọn tí ó ní àrùn ìtọ̀ súgà. Ṣùgbọ́n li ọdún 1999 ìjọba Amẹ́ríkà kò fi àṣẹ sí i.

Kì í sì í ṣe àkèré nìkan li ó ní irú asà yìí. Ó wà li awọ wa, nínú ìfun wa àti nínú ẹ̀dọ̀fóró wa. Nítorí èyí ni Graham Bell àti Pierre-Henri Gouyon fi kìlọ̀ li ọdún 2003 pé kòkòrò tí ó bá kọ́ láti borí oògùn tí ó jọ asà ara wa lè borí asà ara wa pẹ̀lú. Zasloff ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ó ṣòro kí kòkòrò kọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ òun pàápàá bá Bell dán an wò. Li ọdún 2006 wọ́n ròyìn pé àwọn kòkòrò tí a tọ́ nínú pexiganan, tí a ń fi kún un díẹ̀díẹ̀ fún ọgọ́rọ̀ọ̀rún ìran, fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́ ọ tán pátá. Ẹ kíyèsí ìwà ọkùnrin náà: kò fi òtítọ́ pamọ́ nítorí pé ó tako ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀.

Bí a bá ba pẹnisílìnì jẹ́, ohun tí a rà li a bà jẹ́. Bí a bá ba èyí jẹ́, a lè ba ohun tí a bí mọ́ ọmọ ẹlòmíràn jẹ́, ọmọ tí kò tilẹ̀ fi oògùn náà kan ẹnu rí. Àwọn àgbà wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú tí a kò sọ fún un, hùrùhẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru.

Èmi kò wí pé kí a dá iṣẹ́ náà dúró, nítorí àwọn aláìsàn ń kú. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a ti fi èyí tí ó wà lọ́wọ́ wa nísinsin yìí kọ́ ìṣọ́ra: kí a lò ó bí oníṣègùn ti wí, kí a má sì ṣe fi ṣeré. Ẹni tí ó bá ṣe olóòótọ́ lórí pẹnisílìnì li a lè fi asà lé lọ́wọ́.