Ta Ló Ni Kàkó?

Délé máa ń kọ ìtàn nípa àwọn ẹ̀dá ìtàn tó fẹ́ràn nínú ìwé D. O. Fágúnwà. Ó fún Àǹtí Bísí, àbúrò ìyá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ Yorùbá ní ilé-ìwé girama, ní ọ̀kan nínú wọn kà. Ìjíròrò wọn rèé.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Délé, mo ti ka ìtàn rẹ tán. O mọ̀ ọ́n kọ, n kò ní fi ìyẹn dù ọ́. Ṣùgbọ́n kí n tó yìn ọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, jẹ́ kí n bi ọ́ léèrè: ta ló fún ọ ní Kàkó?

DÉLÉ: Ẹ ṣeun, mà. Kò sẹ́ni tó fún mi. Láti kékeré ni mo ti mọ̀ ọ́n. Nígbà tí ẹ máa ń ka Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ sí wa létí, Kàkó Oníkùmọ̀-ẹkùn ni mo máa ń dúró dè. Àkàrà-ògùn ló ń sọ ìtàn, Ìmọ̀dóyè ló gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ ló lóhùn, ṣùgbọ́n Kàkó ni tèmi.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Báwo ló ṣe di tìrẹ? Fágúnwà ló dá a, ìwé náà sì ti jáde láti 1938. Ẹni tó ni ẹrú ló ni ẹrù. Bí aṣọ ọrùn aládùúgbò mi bá wù mí, wíwù tó wù mí kò sọ ọ́ di tèmi.

DÉLÉ: Bí ẹ bá bọ́ aṣọ lọ́rùn aládùúgbò, ìhòòhò lẹ fi í sí. Èmi kò bọ́ nǹkan kan lọ́rùn Fágúnwà. Kàkó rẹ̀ ṣì wà nínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ kan kò yẹ̀ níbẹ̀. Ẹ tún wo Ìjàpá, ọkọ Yánníbo. Gbogbo ilé ló ń pàlọ́ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ẹnì kan á fi orin kún un, ẹlòmíràn á yí ìparí rẹ̀ padà, a kò sì pe ẹnikẹ́ni lólè.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ìjàpá kò ní ẹnì kan tó dá a tí a mọ̀. Gbogbo wa la jọ jogún rẹ̀. Ti Kàkó kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnì kan ló jókòó, tó ronú rẹ̀, tó sì fi orúkọ ara rẹ̀ sí iwájú ìwé. Fágúnwà kú ní 1963. Òfin ẹ̀tọ́ oǹkọ̀wé ti 2022 ní orílẹ̀-èdè wa sì sọ pé 70 ọdún lẹ́yìn ikú oǹkọ̀wé ni ẹ̀tọ́ yẹn tó ń tán. Títí 2033 fi máa parí, ìwé yẹn ní olóhun.

DÉLÉ: N kò tà á, mà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọ́n fẹ́ràn ìwé náà ni mo kọ ọ́ fún, orúkọ Fágúnwà ló sì wà lókè pátápátá. Ẹ̀yin náà ẹ rántí bí Fágúnwà ṣe bẹ̀rẹ̀ ìwé rẹ̀. Ó ní bàbá kan ló wá bá òun, tó ní kí òun mú gègé àti ìwé kí òun máa kọ ohun tí bàbá náà bá ń sọ. Àkàrà-ògùn ló ni ìtàn, òun kàn jẹ́ akọ̀wé ni. Bí òun fúnra rẹ̀ bá pe ara rẹ̀ ní ẹni tó gbọ́ ìtàn tó sì kọ ọ́ sílẹ̀, kí ló dé tí èmi náà kò fi lè gbọ́ kí n sì kọ?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ọgbọ́n ìtàn nìyẹn, kì í ṣe ìwé àṣẹ. Síbẹ̀, n kò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Wọlé Ṣóyínká yí ìwé náà sí èdè Gẹ̀ẹ́sì ní 1968, Wálé Ògúnyẹmí sì fi ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó tó wà nínú rẹ̀ ṣe eré orí ìtàgé tí wọ́n gbé lọ sí àjọ̀dún FESTAC ní 1977. Inú mi dùn sí méjèèjì. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹni tó dá nǹkan ní ọkàn. Ní ilẹ̀ Sípéènì, Cervantes gbé apá kìíní Don Quixote jáde ní 1605. Kó tó parí apá kejì, ẹnì kan tó fi orúkọ Avellaneda bojú gbé apá kejì tirẹ̀ jáde ní 1614, ó sì tún bú Cervantes nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú. Nígbà tí ti Cervantes máa jáde ní 1615, ńṣe ló pa Don Quixote ní ìparí rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà tún gbé e jáde mọ́.

DÉLÉ: Avellaneda bú ẹni tó ń jẹ lára rẹ̀, ó sì fi ìwé rẹ̀ pawó. Ìwà tirẹ̀ nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí n mú ti Conan Doyle, ẹni tó dá Sherlock Holmes, wá. Holmes sú u, ó pa á ní 1893, àwọn òǹkàwé kò gbà. Ní 1903, ó gbé e padà wá. Ṣáájú ìgbà náà, William Gillette, òṣèré ará Amẹ́ríkà tó ń fi Holmes ṣe eré, béèrè bóyá òun lè fún Holmes ní ìyàwó. Conan Doyle ní kó fún un níyàwó o, kó pa á o, ohun tó bá wù ú ni kó ṣe. Ọkàn àwọn tó dá nǹkan kò dọ́gba, mà.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Òótọ́ ni. Fágúnwà kò sì sí níbí ká bi í. Ó dáa, mo gbà: bí o kò bá tà á, tí o kò sì gba orúkọ mọ́ ọn lọ́wọ́, n kò ní pè ọ́ lólè. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mí nínú ìtàn rẹ kọ́ nìyẹn. Nígbà tí Àkàrà-ògùn wá pe Kàkó fún ìrìn-àjò Òkè Láńgbòdó, kí ló ṣẹlẹ̀ nínú ìwé?

DÉLÉ: Obìnrin tó fẹ́ gbé níyàwó dì mọ́ ọn, ó ní kò ní lọ. Kàkó sì pa á.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Nínú tìrẹ ńkọ́?

DÉLÉ: Ó gbé ọwọ́ sókè, ọwọ́ rẹ̀ sì rọ. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ṣàdúrà fún un, Kàkó lọ, ó bọ̀, wọ́n sì ṣègbéyàwó.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Kí ló dé tí o fi yí i?

DÉLÉ: Mo fẹ́ràn rẹ̀, mà. Gbogbo ìgbà tí mo bá kàn án níbẹ̀, ọkàn mi kì í gbà á. Akíkanjú bíi tirẹ̀ kò yẹ kó ṣe bẹ́ẹ̀.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Ìfẹ́ yẹn ló ń bà mí lẹ́rù. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹbí ṣe máa ń sọ bí ọmọ wọn bá lu ìyàwó rẹ̀: “Lágbájá wa? Kò lè ṣe é láéláé.” Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ojú wọn kò rí ẹni tó wà nílẹ̀ mọ́.

DÉLÉ: Àmọ́ ẹ̀dá inú ìwé ni. Kò sẹ́ni tó kú.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Kò sẹ́ni tó kú, ṣùgbọ́n alààyè ló ń kà á. Ọmọbìnrin tó bá ka tìrẹ á kọ́ pé bí òun bá lè fi sùúrù rẹ́rìn-ín, ọwọ́ tí ọkùnrin gbé sókè á rọ. Irọ́ tó ti pa èèyàn nìyẹn.

DÉLÉ: Ẹ má bínú, mà, ẹ ò dá a dọ́gba. Nínú ìwé, obìnrin náà kú, ìrìn-àjò sì ń tẹ̀síwájú. Kàkó ṣì jẹ́ akíkanjú láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Èmi tí n kò jẹ́ kí obìnrin náà kú, ṣé èmi lẹ wá ń bá wí? Ṣebí mo gbà á là.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Kàkó lo gbà là. Nínú ìwé Fágúnwà, obìnrin yẹn sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀bẹ̀, ó rán Kàkó létí ohun tó wà láàárín wọn. Nínú tìrẹ, ẹ̀rín nìkan ló rín. O gba ẹnu rẹ̀ kí orúkọ ọkùnrin rẹ lè mọ́.

DÉLÉ: Ọ̀rọ̀ yẹn wọlé, mà. N kò wò ó láti ọ̀dọ̀ obìnrin náà. Ṣé kí n wá fi ibẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà ni?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Rárá o. Jean Rhys ti ṣe irú iṣẹ́ yìí. Nínú Jane Eyre, ìwé ẹlòmíràn tó jáde ní 1847, ìyàwó kan wà tí wọ́n mú wá láti Jàmáíkà, tí ọkọ rẹ̀ tì mọ́ yàrá òkè bíi wèrè. Rhys, tí wọ́n bí sí erékùṣù Dominica ní Kàríbíánì, kọ Wide Sargasso Sea ní 1966, ó sì fi ẹnu obìnrin yẹn sọ̀rọ̀. Kò sọ ọkọ di ẹni mímọ́, kò sì fi ayọ̀ parí ìtàn náà. Lẹ́yìn tí o bá ka tirẹ̀, o kò ní lè ka ti àkọ́kọ́ bí o ṣe ń kà á tẹ́lẹ̀.

DÉLÉ: Bí mo bá fi ẹnu obìnrin náà sọ̀rọ̀, ibo ni Kàkó yóò wà? Òun gan-an ni mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Jẹ́ kó ru ohun tó ṣe dé Òkè Láńgbòdó. Ọ̀nà jìn, wọ́n á dáná lálẹ́. Kí ọ̀kan nínú wọn bi í nípa obìnrin yẹn. Kí ló máa fèsì? Ṣé á bínú ni, ṣé á dákẹ́ ni? Fágúnwà kò sọ. Ibẹ̀ ni àyè wà fún ìwọ tó o ní o fẹ́ràn rẹ̀. Kò sí iṣẹ́ nínú ká fẹ́ràn ẹni tí kò ṣẹ̀.

DÉLÉ: Mo gbà, màá sì kọ ìyẹn. Ṣùgbọ́n n kò ní ya ti àkọ́kọ́ dànù. Ọjọ́ mìíràn wà tí èèyàn kàn fẹ́ ka ìtàn tí ẹnikẹ́ni kò ti kú. Màá kọ ọ́ sókè gbangba pé nínú ìwé, Kàkó pa obìnrin yìí, ṣùgbọ́n ohun tí ọkàn mi ń fẹ́ ni mo kọ síbí.

ÀǸTÍ BÍSÍ: Bí o bá sọ bẹ́ẹ̀ fún òǹkàwé kó tó bẹ̀rẹ̀, kò ní ṣì ọ́ gbọ́, n kò sì ní bá ọ jà. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

DÉLÉ: Nítorí náà, kí ni ìdájọ́ yín, mà?

ÀǸTÍ BÍSÍ: Mẹ́ta ni. Dárúkọ ẹni tó dá a. Má tà á láìgba àṣẹ lọ́wọ́ àwọn tó ni ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ló sì le jù: ẹ̀dá ìtàn tí o bá fẹ́ràn, má fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ pa mọ́ fún òǹkàwé. Bí o bá pa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mọ́, máa kọ ọ́ lọ. Kíkọ rẹ kò ṣẹ Fágúnwà.