Ẹnu Oníkàn La Ti Ń Gbọ́ Pọ̀ún

Ẹnu oníkàn la ti ń gbọ́ pọ̀ún. Ta ló wá gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu omidan tó ń relé ọkọ?

Láyé àtijọ́, ní Ìsẹ́yìn, ní Ògbómọ̀ṣọ́, títí dé Òkukù tí wọ́n ti ń pè é ní rárà ìyàwó, ẹkún ìyàwó, ewì tí omidan fi ń dágbére fún ilé baba rẹ̀, kì í ṣe ohun àbáàdé. Ọmọge á ti máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ṣáájú rẹ̀ lọ sílé ọkọ, á máa fi kọ́ra láàárín ẹgbẹ́, títí ọjọ́ tirẹ̀ á fi pé. Á kúnlẹ̀ fún òbí, á fi oríkì orílẹ̀ kì wọ́n, á dúpẹ́ ìtọ́jú, á tọrọ ire ọmọ, á sì sọ bí ẹ̀rù orogún àti ilé onílé ṣe ń bà á. Karin Barber, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, rí iyì rárà ìyàwó Òkukù, ó kọ nípa rẹ̀ sínú ìwé tó gbé jáde ní 1991. Àwa tó ni ín ń wò ó níran.

Ẹ wo ìdána òde òní. Alága ìdúró gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn, alága ìjókòó gba òmíràn. Owó ìkanlẹ̀kùn, owó ìṣílẹ̀kùn, owó ìwé kíkà, owó ìṣíjú ìyàwó! Èyí tí mo fojú ara mi rí n'Ibàdàn ló dùn mí wọra. Ìyàwó kúnlẹ̀, baba rẹ̀ na ọwọ́ kó gbé e lé e lórí, ni alága bá ní kí baba ó dúró ná, ẹbí ọkọ kò tíì fi nǹkan gidi sínú abọ́. Ọwọ́ baba wà lókè, wọ́n ń ka náírà. Ìgbà tí owó máa fi tẹ́ alága lọ́rùn, orin ti gbòde kan, àdúrà baba kò dé etí ọmọ rẹ̀ mọ́. Gbogbo ohun tí ìyàwó rí sọ lọ́jọ́ náà ò ju "Ẹ ṣé, sà" lọ.

Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà: omidan mọ iye aṣọ ẹbí, kò mọ oríkì baba rẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kọ́ ọ nílé.

Ẹ̀yin òbí, kó tó di ọjọ́ ìdána, ẹ fi ọmọ yín ti ìyá àgbà kan tó mọ ẹkún ìyàwó. Bí ọjọ́ bá pé, kí alága jókòó, kí wọ́n pa orin, kí wọ́n gbé abọ́ owó kúrò nílẹ̀, kí ọmọ ráyè sọ tẹnu rẹ̀ fún baba àti ìyá rẹ̀.