Ìṣẹ́jú Mọ́kànlá Ṣáájú Ìṣínu

 

Èmi fúnra mi ni mo jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí. Ọmọ mi obìnrin ní àìsàn ìtọ̀ ṣúgà irú kìíní láti kékeré: ara rẹ̀ kò ṣe insulin, abẹ́rẹ́ ló ń gbà. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn apá rẹ̀, tó ń fi iye ṣúgà ara rẹ̀ ránṣẹ́ sí fóònù tọ̀sán-tòru. Ní Ramadan ọdún kan, nínú ilé wa ní Aylesbury Estate, mo ti to dàbínù tí mo rà ní Rye Lane sórí tábìlì, ni fóònù bá ké: 3.6, ọfà sì dojú kọ ilẹ̀. Mo wo aago. Mo ní, "Fara dà á, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ló kù."

Ọmọ náà wò mí. Ó ní, "Dádì, ṣé Ọlọ́hun ò rí nọ́ńbà yìí ni?" Ìyá rẹ̀ ti gbé oje ọsàn dé kí n tó rí ohun tí màá sọ.

Ìṣirò mi pàápàá kò tọ́. Sẹ́ńsọ̀ kì í wọn ẹ̀jẹ̀. Omi tó wà láàárín ẹran ara ló ń wọ̀n, omi yẹn a sì máa fi ìṣẹ́jú mélòó kan rìn lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀. Bí ṣúgà bá ń já wálẹ̀, ẹ̀jẹ̀ lè ti lọ sísàlẹ̀ ju ohun tí fóònù ń sọ. Ìlànà tí àwọn dókítà ṣe fún ààwẹ̀ alárùn ṣúgà ni pé bó bá ti kéré sí 3.9, tàbí tó kọjá 16.6, kí ènìyàn ṣínu. Kò sí "àfi bó bá ku díẹ̀" níbẹ̀.

Nígbà tí mo sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ mi kan lẹ́yìn àṣámù, ó ní níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ ti wà, àwáwí aláìsàn ti tán. Mi ò gbà. Ẹ̀rọ fún ọmọ mi ní ojú, kò fún un ní agbára. Súrà Baqarah, àyà 184 àti 185, ti yọ aláìsàn sílẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́. Oṣù January 1922 ni wọ́n kọ́kọ́ gún ènìyàn ní abẹ́rẹ́ insulin, ní Toronto: Leonard Thompson, ọmọdékùnrin kan. Ṣáájú ìgbà yẹn, ọmọ tó bá ní àrùn yìí kì í pẹ́ láyé. Abẹ́rẹ́ náà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Àwọn onímọ̀ Fíkìhì àgbáyé tó pàdé ní Jeddah ní 1997 ti sọ pé abẹ́rẹ́ tí kì í ṣe oúnjẹ kò já ààwẹ̀. Oje ọsàn ló já ti ọmọ mi, èmi ló sì yẹ kí n gbé e fún un.

Ohun tí ẹ̀rọ mú wá gan-an ni pé a ò lè sọ pé a ò mọ̀ mọ́. Ní 2022, àjọ NICE ní kí NHS fi í lọ ẹni tó ní irú kìíní, ọmọdé àti àgbà. Ẹlòmíràn ní Ìbàdàn, tó ń fi owó ara rẹ̀ ra ohun tí yóò fi yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, lè ṣe àṣìṣe nínú òkùnkùn. Èmi ka nọ́ńbà, mo sì ní kí ọmọ fara dà á.

Nítorí kí ni? Mo ti sọ fún ìyá mi lórí fóònù pé ọmọ náà kò tíì fi ọjọ́ kan sílẹ̀. Ìyẹn ni mò ń ṣọ́.

Ọjọ́ mẹ́fà ló jẹ gbèsè lọ́dún yẹn, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í san án ní December, nígbà tí oòrùn London ń wọ̀ kí aago mẹ́rin tó lù. Ní ọjọ́ kẹta, fóònù ké ní aago mẹ́ta àbọ̀. Kò wo ojú mi. Ó dìde, ó ṣí fìríìjì.