Ọwọ́ Ayàwòrán àti Ìgbàgbọ́ Rẹ̀

Bí ènìyàn bá fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ fún ẹ̀sìn tí kì í ṣe tirẹ̀, ó ha sẹ́ ìgbàgbọ́ ara rẹ̀ bí? Ìbéèrè náà kò ṣe àjèjì láàrin wa. Lamidi Fákẹ́yẹ ará Ìlá Ọ̀ràngún, Mùsùlùmí ni, síbẹ̀ ó gbẹ́ igi sí ìtàn Jésù fún ìjọ Àgùdà. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Íńdíà ni mo fẹ́ kí a ti yẹ ọ̀ràn náà wò.

Láti ọdún 1649 dé 1653 ni a ṣe ìwé Ramayana ńlá kan ní Udaipur fún Jagat Singh, ọba Mewar. Ẹlẹ́sìn Híńdù ni ọba. Ẹlẹ́sìn Jain ni Mahatma Hirananda tí ó kọ ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Mùsùlùmí sì ni Sahibdin, ọ̀kan nínú àwọn àgbà ayàwòrán rẹ̀. Àwòrán inú rẹ̀ ju 400 lọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì wà ní Lọ́ńdọ̀nù nísinsìnyí.

Ọ̀kan nínú èyí tí Sahibdin yà kò jẹ́ kí ọkàn mi sinmi. Rama, ẹni tí àwọn Híńdù gbà pé Vishnu ọlọ́run wọn ni ó gbé àwọ̀ ènìyàn wọ̀, dùbúlẹ̀ lójú ogun pẹ̀lú Lakshmana àbúrò rẹ̀. Ọfà Indrajit ti di ejò, ó sì so wọ́n mọ́lẹ̀. Ara Rama dúdú bí aró, àmì tí olùfọkànsìn fi ń mọ̀ ọ́n. A gbé Sita aya rẹ̀ gba ojú òfúrufú nínú ọkọ̀ tí ń fò, kí ó lè rí ọkọ rẹ̀ nílẹ̀ bí òkú.

Àwọn kan yóò wí pé owó ọba ni ó mú un yà á. Owó wà níbẹ̀, kò sí àní-àní. N kò tilẹ̀ rí ẹ̀bi nínú èyí. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó fi irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ya ìbànújẹ́ obìnrin kan kò lè ṣàìmọ ohun tí ìbànújẹ́ jẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni n kò gbà pẹ̀lú àwọn tí ń wí pé ìtàn lásán ni, kì í ṣe ìsìn. Lójú Híńdù, gbígbọ́ ìtàn Rama àti wíwò ó jẹ́ ìsìn fúnra rẹ̀, Sahibdin tí ó ń gbé láàrin wọn kò sì lè ṣàìmọ̀.

Òfin kejì dè mí. Èmi kò ní tẹrí ba fún Rama. Ṣùgbọ́n bí ewé náà bá tẹ̀ mí lọ́wọ́, n óò ṣí i síwájú àwọn ọmọ kíláàsì mi, n óò sì bi wọ́n léèrè ohun tí Sita ń wò.