Orí Ni Tàbí Ọwọ́?

Nígbà tí ẹni tí kò tíì darúgbó bá ṣubú lójijì tí kò sì dìde mọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni ó máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu àwọn tí ó wá kẹ́dùn. Àwọn kan a ní àyànmọ́ rẹ̀ ni. Àwọn mìíràn a ní ọwọ́ ayé ni. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bi ìkòkò ọbẹ̀ léèrè. Bí ọkàn ènìyàn bá daṣẹ́ sílẹ̀, ǹjẹ́ ohun tí orí rẹ̀ yàn ni, tàbí ohun tí ọwọ́ rẹ̀ bù fún ẹnu?

Ẹ̀rí kan wà tí ó yẹ kí àwọn tí ń di ohun gbogbo ru àyànmọ́ gbé yẹ̀ wò. Ní ọdún 1997, Richard Cooper àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí ẹ̀jẹ̀ ríru láàrin àwọn tí orírun wọn jẹ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nínú ọgọ́rùn-ún àgbàlagbà tí wọ́n yẹ̀ wò ní Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù, 16 ni ó ní àìsàn náà. Ní àwọn erékùṣù Káríbíà, 26. Nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, 33. Orírun kan náà ni gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ara ń sanra sí i, iyọ̀ sì ń pọ̀ sí i nínú oúnjẹ. Bákan náà ni àwọn tí ó fi àwọn àgbà Yorùbá ní Ìbàdàn wé àwọn àgbà adúláwọ̀ ní Indianapolis rí i pé kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù, èyí tíí ṣe ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, kéré nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará Ìbàdàn. Bí ó bá jẹ́ orí nìkan ni, kí ló dé tí orí fi yí padà nígbà tí ó sọdá òkun?

Kò tilẹ̀ di ìgbà tí ènìyàn bá sọdá òkun. Lọ́kọ́ja di olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Kogí ní ọdún 1991, ọ̀pọ̀ ọmọ àgbẹ̀ láti Ọ̀wọ́rọ̀, Kàbà àti Yàgbà sì di òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì. Iyán tí bàbá jẹ kí ó tó fi ẹsẹ̀ rin lọ sí oko ni ọmọ ń jẹ kí ó tó gun ọ̀kadà lọ jókòó. Ẹran ọlọ́ràá tí bàbá ń rí nígbà ọdún, ọmọ ń rí i lálaalẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ẹja Odò Ọya kò jìnnà sí i. Ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀ ń ṣe kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù tí ara nílò. Àpọ̀jù rẹ̀ ni ń lẹ̀ mọ́ ògiri iṣan, bí iyanrìn ti ń gorí ara wọn ní ìsàlẹ̀ odò títí ọkọ̀ kò fi ní rí ọ̀nà kọjá. Kò sí ìrora, kò sí ibà. Epo pupa pàápàá, bí ìdajì ọ̀rá inú rẹ̀ ni ó jẹ́ irú èyí tí ń gbé e ga. Kò di èèwọ̀, ṣùgbọ́n kò yẹ kí ọbẹ̀ máa léfòó nínú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le ni ti àlejò. Ọ̀rá ẹran ni àpọ́nlé. Obìnrin tí ó bá dín epo àti iyọ̀ kù ni wọn yóò pè ní ahun. Síbẹ̀, ta ni ó fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ jù: ẹni tí ó bu àbùkún, tàbí ẹni tí ó gba èébú nítorí ẹ̀mí rẹ̀?

Kò wá tọ́ kí ẹnikẹ́ni dúró ti ibùsùn aláìsàn kí ó máa dá a lẹ́jọ́. Ẹlòmíràn wà tí ó tín-ínrín, tí ó ń jẹ ẹ̀fọ́, tí kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù rẹ̀ sì ga nítorí pé ó jogún rẹ̀. Àyànmọ́ nìyẹn lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí bàbá rẹ̀ ti irú àìsàn bẹ́ẹ̀ kú ni ó yẹ kí ó tètè lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, nítorí oògùn wà tí ń mú èyí tí a jogún pàápàá wálẹ̀.