Ẹ̀bi Ìyá àti Kóró Ẹpọ̀n Tí Kò Sọ̀kalẹ̀

Bí a bá bí ọmọkùnrin tí kóró ẹpọ̀n rẹ̀ kan tàbí méjèèjì kò sí nínú àpò, ẹnu ìyá ni àwọn kan ti kọ́kọ́ ń wádìí láàárín àwọn Yorùbá, ìbáà jẹ́ ní Èjìgbò ní Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, ìbáà jẹ́ ní Bouaké ní orílẹ̀-èdè Côte d'Ivoire níbi tí ọ̀pọ̀ ọmọ Èjìgbò ti ń ṣòwò láti ìran dé ìran. Ìbéèrè tó yẹ kí a gbé yẹ̀ wò ni bóyá ohun tó fa àbùkù lára ọmọ lè di ẹ̀ṣẹ̀ lọ́rùn ìyá.

Inú ikùn ọmọ ni kóró ẹpọ̀n ti ń dàgbà, kí ó tó sọ̀ kalẹ̀ sínú àpò rẹ̀ ní àwọn oṣù tó kẹ́yìn oyún, nípa àṣẹ họ́mónù, ìyẹn èròjà tí ara fi ń darí ìdàgbàsókè. Nítorí náà ni ó ṣe jẹ́ pé, nínú 100 ọmọkùnrin tí oṣù wọn pé, bíi 2 sí 4 ni ó ń ṣe, ṣùgbọ́n ó tó nǹkan bí 30 nínú 100 àwọn tí oṣù wọn kò pé. Àwọn olùwádìí tún rí i pé ó máa ń pọ̀ sí i láàárín àwọn ọmọ tí wọn kò tẹ̀wọ̀n tó, àti àwọn tí ìyá wọn mu sìgá, tàbí tí ó ní àtọ̀gbẹ tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru nígbà tí ó lóyún wọn. Síbẹ̀, iye àwọn ọ̀pọ̀ ìyá ni irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ ń kà, kì í ṣe ìdájọ́ obìnrin kan. Ọ̀pọ̀ aláìsàn bẹ́ẹ̀ ló ń bí ọmọ tí ara rẹ̀ pé, ọ̀pọ̀ tí kò ní ìkankan nínú àwọn àìsàn wọ̀nyí ló sì ń bí èyí tí kò pé. Ta ni ó sì yan ẹ̀jẹ̀ ríru fún ara rẹ̀?

Ìgbàgbọ́ àtijọ́ pàápàá kò ti àwọn tó ń dá ìyá lẹ́bi lẹ́yìn. Nínú ìtàn Ifá nípa Afùwàpẹ́ àti àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì, àwọn fúnra wọn ló lọ yan orí, ìyẹn kádàrá wọn, nílé Àjàlá tó ń mọ orí ní ọ̀run. Kò sí ìyá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìtàn yìí kan náà kò fara mọ́ ẹni tó ń sọ pé kádàrá ni, kí a kàn máa wò ó: Afùwàpẹ́ dá Ifá, ó sì rúbọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ Àjàlá, ohun tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò ṣe. Ìsìláàmù, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá Bouaké ń ṣe, gba kádàrá gbọ́, síbẹ̀ Ànábì pàṣẹ pé kí a wá ìwòsàn.

Ọ̀pọ̀ kóró wọ̀nyí ń sọ̀ kalẹ̀ fúnra wọn láàárín oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́. Èyí tí kò bá sọ̀ lẹ́yìn náà yẹ kí a ṣiṣẹ́ abẹ fún kí ọmọ tó pé oṣù 18, nítorí ìdádúró lè ba agbára ìbímọ jẹ́, ó sì ń mú kí ewu jẹjẹrẹ pọ̀ sí i. Ẹ̀ka iṣẹ́ abẹ àwọn ọmọdé wà ní ilé ìwòsàn yunifásítì tó wà ní Bouaké. Kí bàbá gbé ọmọ lọ síbẹ̀, kí ó má sì dá ìyá lẹ́jọ́.